Ṣáláńgá àti Kànga Inú Agboolé ní Ìlá Ọ̀ràngún

Ẹni tó bá ti Òṣogbo gba Ìkìrun dé Ìlá Ọ̀ràngún ti dé ilẹ̀ Ìgbómìnà nìyẹn. Òkè-Ìlá kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí omi Àyìkúnnugbá ti ń já láti orí àpáta. Ṣùgbọ́n kànga ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń fa omi, ṣáláńgá kì í sì í pẹ́ jìnnà sí i.

Òórùn tó ń ta wá nímú ní ṣáláńgá, amóníà ni, inú ìtọ̀ ló sì ti ń wá jù. Bó bá wọlẹ̀, àwọn kòkòrò tíntín tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di náítréètì. Ìyẹn kò rùn, kò sì ní àwọ̀. Ńṣe ló ń bá omi rìn wọ kànga, pàápàá lásìkò òjò.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ẹ ṣọ́ jù, bí ẹ bá ń fi omi kànga po mílíìkì fún un. Náítréètì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ kiri ara dáadáa. Bí ètè àti èékánná rẹ̀ bá ń dú bí aró, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan.

Ẹ máa se omi o, nítorí kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n náítréètì kì í bá ooru lọ; bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ló ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù pàápàá kò ká a.

Ní Rotterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, omi tí wọ́n ń fún jáde lára ẹrẹ̀ ìdọ̀tí ìlú kún fún amóníà. Láti 2002 ni wọ́n ti ń lo irú kòkòrò kan tó ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tí kò léwu. Ní tiwa, àlàfo ni oògùn rẹ̀: kí kànga fi mítà 30, ó kéré tán, jìnnà sí ṣáláńgá, kó sì wà lápá òkè rẹ̀. Ọmú nìkan, láìfi omi kún un, tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yin àgbà agboolé, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ṣáláńgá àtijọ́ wà. Bí wọ́n tilẹ̀ ti dí i, ohun inú rẹ̀ ṣì lè máa wọlẹ̀. Ẹ fi ibẹ̀ han àwọn ọmọ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga tuntun.