Server Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Tí Ń Dákú-Dájí

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ìtàn ìgbà tí a ń gbé ní ilé ìbùsùn ni ó ń retí, bí a ṣe ń pọn omi, bí agogo ṣe ń jí wa ní ìdájí. Àwọn ẹlòmíràn yóò kọ ìyẹn, wọn yóò sì kọ ọ́ dára jù mí lọ. Èmi jẹ gbèsè kan ní gbangba, gbangba náà ni mo fẹ́ ti san án.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa ti oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ wa ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Server kan wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwọn yòókù gbára lé. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, inú rẹ̀ náà ni a ti ń ṣírò máàkì wọn ní ìparí sáà. Wọ́n ní ó ń lọ́ra. Èmi tí mo jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn lọ sí Èkó, mo ra RAM kan wá, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò tó rúlà ọmọ ilé-ìwé ní gígùn. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bí akọ̀wé ṣe ń tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Bí tábìlì bá fẹ̀, iṣẹ́ a yá. Tòkunbọ̀ ni èyí tí mo rà, owó pọ́ọ́kú ni mo sì rà á. Mo gbé e sókè ní ìpàdé, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, a sì ya fọ́tò. Ní oṣù Kìíní ni wọ́n fi í sínú server.

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni server náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, lójijì ojú rẹ̀ yóò di aró, ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ yóò hàn níbẹ̀, yóò kú, yóò sì tún jí fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kan yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ mìíràn kò ní ṣe é rárá. Ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin ní oṣù Kẹta mọ irú ooru tí ń mú níbẹ̀, nítorí náà a sọ pé ooru ni. A ra fáànù. Ó tún dákú. A sọ pé iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni. A ra UPS tuntun. Ó tún dákú. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹgbẹ́ wa ń fún ní owó ìrànwọ́ lóṣooṣù, pa gbogbo Windows inú rẹ̀ rẹ́, ó tún un gbé síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ó fi tún dákú.

Nígbà tí èsì sáà kejì jáde, ìyá kan wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. 71 ni olùkọ́ Ìṣirò fi bírò pupa kọ sórí rẹ̀. 31 ni ó wà nínú ìwé èsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà bàbá kan mú ti ọmọ tirẹ̀ wá: 58 ti di 18. Ẹnìkẹta dé: 64 ti di 24. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ohun tí wọ́n ń sọ ní ẹnu ọ̀nà, pé olùkọ́ kọ̀ǹpútà ń ta máàkì, pé àwọn tí kò fún un lówó ni ó ń gé tiwọn.

A pè é sí ìpàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, n kò fọwọ́ kan máàkì ọmọ kankan. Ẹ̀rọ yìí ni ara rẹ̀ kò yá.” Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rọ kì í parọ́, ènìyàn ni í parọ́. Èmi, tí mo ti ń wàásù láti ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ọwọ́ mi ni mo fi tọwọ́ bọ ìwé tí ó gba iṣẹ́ èsì lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tèmi tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí mo gbọ́ ti ìhà méjèèjì, èyí tí ó wù mí ni mo sì mú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún náà, kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft ṣírò sí mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ dákú káàkiri àgbáyé, nítorí àtúnṣe kan tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, iṣẹ́ dàrú ní ilé ìwòsàn. Bí mo ti rí ojú aláró yẹn nínú ìròyìn ni mo gbé fóònù, tí mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà: ohun tí ń ṣe tiwa nìyí! Ó fi sùúrù dá mi lóhùn. “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n a kò ní nǹkan CrowdStrike kankan lórí tiwa, sà. Láti oṣù Kejì ni tiwa sì ti bẹ̀rẹ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun ní ìwé kan tí òun fẹ́ fi hàn mí.

Ó mú un wá sí ilé mi ní Tánkẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé lásán ni. Gbogbo ìgbà tí server dákú ni ó kọ sínú rẹ̀: ọjọ́, wákàtí, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́, àti ọ̀rọ̀ tí ó hàn lójú ẹ̀rọ. A ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò dẹ́kun àti máa kọ ọ́. Lónìí MEMORY_MANAGEMENT, lọ́la IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL, lọ́tunla PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ náà ìbá sábà máa tọ́ka sí. Bí ó bá ń yí padà ṣáá, tábìlì tí gbogbo wọn jọ ń lò ni kí a yẹ̀ wò. Àti pé ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni ó ń dákú jù.

Mo bi í pé kí ni a ṣe sí ẹ̀rọ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. “A fi RAM yín sí i, sà.”

Láti oṣù Kẹrin ni ó ti ń fura. Báwo ni ọmọdé yóò ṣe sọ fún àgbà, àlùfáà pàápàá, pé ẹ̀bùn tí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ni àrùn? Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Nígbà ìsinmi, a gbé Memtest86 sórí fláàṣì, a sì fi í tan server náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ nǹkan sí gbogbo ojú ihò RAM, kí ó tún kà á padà, kí ó wò ó bóyá ohun tí ó kọ ni ó bá. RAM àtijọ́ nìkan sun ibẹ̀ mọ́jú láìsí àṣìṣe kan. RAM mi nìkan kò lo wákàtí kan tí ìlà pupa fi kún ojú ẹ̀rọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá mú bírò. Bí ètò èsì wa ṣe ń kọ máàkì, ó ní, 00110111 ni 7 jẹ́ nínú ẹ̀rọ, 00110011 sì ni 3. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. 5 ni 00110101, 1 ni 00110001: ẹyọ kan náà, ní ipò kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 6 ṣe ń di 2. Ipò yẹn ni Memtest86 ń tọ́ka sí, pé RAM mi kò lè di ení mú níbẹ̀, òdo ni ó ń dá padà. Mo wá ṣe ìyọkúrò tí gbogbo ìgbìmọ̀ wa kò ronú láti ṣe. 71 yọ 31, ó ku 40. 58 yọ 18, ó ku 40. 64 yọ 24, ó ku 40. Ta ni olè tí ń jí ogójì géérégé lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn?

Ó yẹ kí èmi ti fura. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kọ́ wa pé nínú Bíbélì èdè Hébérù, Dodanim ni Jẹ́nẹ́sísì orí 10 kọ, Rodanim ni Kíróníkà Kìíní orí 1 kọ, nítorí ìfà gègé kékeré ni ó ya lẹ́tà méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn Masorete, akọ̀wé àwọn Júù, fi máa ń ka iye lẹ́tà inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Richard Hamming ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà náà rí irú rẹ̀: ẹ̀rọ ìṣirò tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ní òpin ọ̀sẹ̀ a máa rí àṣìṣe, a sì pa iṣẹ́ tì. Ní ọdún 1950 ó tẹ ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi lè rí ibi tí àṣìṣe wà gan-an, kí ó sì tún un ṣe, jáde. RAM tí a ṣe fún server sábà máa ń ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ lára. Ti kọ̀ǹpútà ilé ni mo rà. N kò béèrè. Owó ni mo wò.

A yọ ọ́ kúrò, server kò sì tíì dákú mọ́. Mo san gbogbo owó tí a dá dúró láti àpò mi. Mo lọ bá bàbá ọmọkùnrin náà ní Gàá-Àkàǹbí. Mùsùlùmí ni, ó tẹ́ ẹní fún mi, ó ní kí wọ́n gbé omi wá, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ní òun ti darí jì mí. Ó wá bi mí pé èyí tí wọ́n ti sọ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà ńkọ́, ta ni yóò bá òun kó o padà? N kò ní èsì níjọ́ náà.

Èyí tí mo lè ṣe ni mo ń ṣe yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ta máàkì ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ bá ti sọ èkejì fún. Àwọn mẹ́ta ni ó mú ẹjọ́ wá, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé àwọn mìíràn wà tí wọn kò wo ìwé èsì dáadáa. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ṣe ìdánwò sáà kejì ọdún 2024, kí ó mú ìwé ìdánwò tí bírò pupa wà lórí rẹ̀ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa yóò wà níbẹ̀.