Àwọ̀ Iná ní Agbogbloshie

Bí a bá fi etí sí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iná, a ó rí i pé iná ń jó, iná ń ràn, iná sì ń kú. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń bá a rìn jẹ́ ti ohun tí ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ti ohun tí a gbé kalẹ̀ bí òkúta. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gírámà yìí. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ta ko èdè wa lórí ọ̀rọ̀ náà: iná kì í ṣe ohun kan, ìṣẹ̀lẹ̀ ni.

Nǹkan mẹ́ta ni ó ń bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà: ohun tí yóò jó, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, àti ooru tí yóò mú àwọn méjèèjì pàdé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, iná kú. Ooru a kọ́kọ́ yọ gáàsì lára igi. Gáàsì yìí ni ó ń bá ọ́síjìn dàpọ̀, tí agbára inú rẹ̀ sì ń jáde. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí à ń rí ń wá láti ara ẹ̀rún èédú tíntìntín tí kò tíì jó tán. Wọ́n gbóná ju ìwọ̀n Celsius 1,000 lọ, wọ́n sì ń tàn bí irin ti í pọ́n nínú iná alágbẹ̀dẹ. Michael Faraday fi àbẹ́là ṣàlàyé èyí fún àwọn ọ̀dọ́ ní Royal Institution, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín ọdún 1860 sí 1861. Dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ìyá mi, èédú tí ó ti tàn rí ni.

Ní ọdún 2016, mo lọ sí Agbogbloshie ní Accra, lẹ́bàá odò Odaw, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ àlòkù. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wá láti àríwá Ghana. Wọ́n ń fi táyà àti fóòmù inú fíríìjì tó ti bàjẹ́ dáná sun wáyà, kí ike ara rẹ̀ lè jó kúrò, kí wọ́n sì lè ta bàbà inú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni iná náà ní, ó sì dùn ún wò. Mo fi èdè Hausa tí mo kọ́ ní Sábó, Ìbàdàn, bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan léèrè ohun tí ó fa àwọ̀ náà.

“Bàbá, bí ẹ bá ti rí i, ẹ mọ̀ pé iná ti dé ara bàbà.”

Òótọ́ ni ó sọ. Nínú ooru, àwọn ẹlẹ́kítírónì a gba agbára. Bí wọ́n bá ń padà sí ipò wọn, wọn a tú u jáde ní ìmọ́lẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Robert Bunsen àti Gustav Kirchhoff fi dá èròjà méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí mọ̀ ní Heidelberg, ní Jámánì, ní ọdún 1860 àti 1861. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ka iná bí wọ́n ṣe kà á.

Ṣùgbọ́n apá kan kù nínú ìwé tí ó ń kà. Kilorínì inú ike ni ó so mọ́ bàbà tí àwọ̀ náà fi yọ, bàbà àti kilorínì kan náà ni ó sì ń ran dioxin lọ́wọ́ láti dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwádìí tí IPEN àti Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ẹni tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo láti ara adìẹ tí ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀ yóò gba dioxin tó ìlọ́po 220 iye tí àjọ ààbò oúnjẹ Yúróòpù fàyè gbà lójúmọ́. Mo bi í bóyá wọ́n ti sọ fún wọn nípa èéfín náà. Ó ní wọ́n lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ ògiri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òun kò sì gbọ́ ọ.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, ìjọba wó ibi ìtúrọ náà. Iṣẹ́ náà kò parẹ́. Ó fọ́n ká ni. Àwọn àgbà ní iná kú, ó fi eérú bojú. Òjé wà nínú eérú ti Agbogbloshie, ojú lásán kò sì lè rí i.

Iná ni a tún ń pe ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ilé wa. Bàbà ni ó ń gbé e wọlé fún wa láìsí èéfín. Ibòmíràn ni èéfín rẹ̀ wà. Ní ọdún 1970, iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tó lè sọ pé èdè wa kò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó mọ àwọ̀ iná dáadáa bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ó tọ́ kí ó gbọ́ ìyókù ní èdè tí ó ń sọ.