Ìdí Tí Mo Fi Fẹ́ Gba Dìgírì Lórí Adìrẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ti ń bi mí léèrè láti bí oṣù mélòó kan, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní gbangba. Tíṣà ni mí, n kò tí ì pé ogójì ọdún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, ìgbà ìsinmi ilé-ìwé ni mo sì fi ń lọ gba dìgírì àkọ́kọ́ lé e. Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo tún fẹ́ lọ gba dìgírì kejì nínú iṣẹ́ dísáìn, èyí tí a ń fi ìwádìí gbà, ẹnu yà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ní, “Ṣé o kò mọ àwòrán yà ni, tí o tún fẹ́ lọ kọ́ ọ?” Ìyàwó mi kò bá mi sọ ti àwòrán ní tirẹ̀. Iye tí owó rẹ̀ yóò jẹ́ ni ó béèrè, ó sì tọ́ kí ó béèrè.

Ọ̀rẹ́ mi ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Dísáìn kì í ṣe àwòrán yíyà nìkan. Kí a tó kan àga, kí a tó pa aṣọ láró, ẹnìkan ní láti ronú bí nǹkan náà yóò ti rí, bí yóò ti wúlò, àti ohun tí a ó fi ṣe é. Dìgírì kan wà tí ènìyàn ń gbà kí ọwọ́ rẹ̀ lè já fáfá sí i: yóò ṣe iṣẹ́, yóò pàtẹ rẹ̀, àwọn olùkọ́ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí mo ń wí yìí yàtọ̀. Ìbéèrè ni a fi ń wọ ibẹ̀. O gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dáhùn tẹ́rùn, kí o wádìí rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi lè tọ ipasẹ̀ rẹ wò bóyá òótọ́ ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ìlú Ọba kan, Christopher Frayling, kọ ìwé kékeré kan ní 1993, ní Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìwádìí nípa iṣẹ́ ọnà, bí ìtàn rẹ̀, ìwádìí tí a ṣe kí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lè dára, àti ìwádìí tí a ń ti inú ṣíṣe iṣẹ́ náà gan-an ṣe. Ẹ̀kẹta yìí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí adìrẹ ẹlẹ́kọ tó wà níwájú ilé wa níbí.

Wọ́n ti kọ̀wé lórí adìrẹ. Ní 1971 ni èyí tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. A mọ̀ pé òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú bátànì Ìbàdàndùn. A mọ̀ pé Ọlọ́ba jẹ mọ́ ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún lò lórí ìtẹ́, ní 1935. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ mọ̀ ni èmi ń wá. Báwo ni ẹ̀kọ láfún ṣe gbọ́dọ̀ ki tó, tí aró kò fi ní wọ abẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní sán nígbà tó bá gbẹ? Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ aṣọ tó jáde ní àwọ̀ ewé látinú ìkòkò di aláró. Wọn kò lè sọ ọjọ́ tí ìkòkò yẹn tó rì í sí. Aláró a tẹ imú mọ́ ọn, a sì mọ̀.

Ìyá arúgbó kan wà ní Ìtòkú tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹ́ adìẹ ni ó fi ń kọ ẹ̀kọ sára aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n díẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó jọ adìrẹ, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tà. N kò bá a wí, nítorí ọjà rẹ̀ ń yá. Nígbà tí mo là á yé ìyá yìí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó wò mí títí, ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ tán fún ọ, orúkọ ta ni yóò wà lára ìwé náà?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yìí le ju èyí tí wọ́n ń béèrè fún ìwọlé lọ. Ẹni tó kọ̀wé ni ó ń gba dìgírì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a máa di abẹ́nà-ìmọ̀ tí a kò dárúkọ. Mo sọ fún un pé bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò wà níbikíbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà, pé ní Yorùbá tí ó fi sọ ọ́ ni n ó kọ́kọ́ kọ ọ́, àti pé èyí tó bá ní kí n má kọ, n kò ní kọ ọ́. Kò dúpẹ́, kò sì kọ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó ku ti ìyàwó mi. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àwọn tí mo kọ̀wé sí fún àyè ní kí n máa lọ bí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n pé kò ní sí owó oṣù. Nítorí náà, n ó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Yóò pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n a ó máa jẹun. Ìyàwó mi ní òun yóò máa fojú sí i.

Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ jókòó ti ìyá náà. Ó ní kí n mú yáàdì aṣọ funfun méjì wá àti láfún, kí n má sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ sílé-ìwé.