Ọlọ́pàá Tó Di Olùkọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìrírí dára, ṣùgbọ́n ìrírí nìkan kọ́ ni ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yé mi láti ìgbà tí aládùúgbò mi kan, ọlọ́pàá tó lo ọdún 35 tí òfin là sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ti fẹ̀yìn tì, tó sì di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti bí a ṣe ń dá ẹjọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ. Nítorí ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní kéwú, ó máa ń wá bá mi jókòó lẹ́yìn ìrun Iṣáì.

Ó ní, "Alfa, ní àgọ́ ọlọ́pàá, bí mo bá ti pàṣẹ, ó parí. Níhìn-ín, ìbéèrè ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn."

Ìbéèrè ọmọbìnrin kan ló mú un lómi jù: "Sà, bí ọmọ bá ṣẹ̀ tó sì sá lọ, ṣé ọlọ́pàá lè ti ìyá rẹ̀ mọ́lé títí ọmọ yóò fi yọjú?" Ọkùnrin yìí ti rí ìyá tó sun ẹ̀yìn káńtà mọ́jú nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ní abala 7, kọ̀ ọ́ pátápátá: a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn.

Ó bi mí pé, "Èwo ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má sọ wọ́n di ọgbọọgba. Nílé-kéwú, bó ti wù kí ọwọ́ ọmọ dára tó lára wàláà, a óò fi wé Al-Kùránì kí a tó ní kó há a sórí. Òfin ni kí ẹ fi wọn ìṣe, ẹ má fi ìṣe wọn òfin."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ó ka òfin fún wọn, ó sọ ohun tó rí, ó sì sọ ohun tó ń fà á: owó epo tí wọn yóò fi lépa ẹni tó sá kò sí, irinṣẹ́ ìwádìí kò tó, ọ̀gá sì ń béèrè èsì kíákíá, ìyá ló wà nítòsí, òun ni wọ́n mú. Ó wá ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àwíjàre."

Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún wọn. Bí ilé-ẹjọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀; bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Ó ní kí oníkálukú lọ wo bí ilé-ẹjọ́ ṣe jìnnà sí àdúgbò tirẹ̀. Abala 36 sì ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Àwọn baba wa náà ní: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹni tó kàwé nìkan lè mọ abala wọ̀nyí lórí, kó má mọ ibi tí wọ́n ti ń rú wọn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nìkan mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè máa rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ní méjèèjì ni ọmọ ń jàǹfààní lára rẹ̀.

Nínú àwọn tó ń jókòó níwájú rẹ̀, àwọn kan yóò wọ aṣọ ọlọ́pàá lọ́la. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò wá ọmọ kan tì, tí ìyá rẹ̀ yóò sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí wọ́n rántí abala 7 lọ́jọ́ náà, kí ìyá náà lè sùn nílé rẹ̀. Àmín.