Ó Dìde, Ó Lọ: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ìtàn ní Èdè Faransé

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ẹbí ní ìhà kejì ààlà. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà sí àárín ilẹ̀ wa ní ọdún 1889, Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Pọ̀tọ̀nóvò bọ́ sí ìhà ti Faransé. Ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira ní 1960, a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin ní 1975. Síbẹ̀ èdè Faransé ni àwọn ọmọ ìbátan wa níbẹ̀ fi ń kàwé títí di òní. Nígbà tí àwa àti àwọn bá pàdé níbi ìsìnkú tàbí ìdúpẹ́, a jọ ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣí Bíbélì, èdè ìwé tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀ràn kékeré kan nínú gírámà èdè náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí mo rí i pé ó ń lé àwọn ọ̀dọ́ mìíràn kúrò nídìí Ìwé Mímọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó fẹ́ ọkọ sí Pọ̀tọ̀nóvò ní ọmọbìnrin kan tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu púpọ̀. A yàn án láti ka ẹ̀kọ́ kejì níbi ìsìn ìdúpẹ́ ìyá bàbá rẹ̀, èyí tí í ṣe ìtàn Ọmọ Onínàákúnàá nínú Lúùkù orí 15. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó gbé Bíbélì rẹ̀ tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹlòmíràn tí yóò kà á. Faransé tí mo ń sọ kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ ni.” Ó fi ìka tọ́ka sí *revint*. Ó mọ *est revenu* dájú pé “ó padà dé” ni, ṣùgbọ́n *vint* tí ó wà nínú èyí dún létí rẹ̀ bí *vingt*, èyí tí í ṣe ogún. Ó tún fi *vit* hàn mí: “ó wà láàyè” ni òun mọ ọ̀rọ̀ náà sí, bẹ́ẹ̀ “ó rí i” ni Lúùkù ń wí. Ó wá ní: “Bí ó bá le fún mi tó báyìí, bóyá kì í ṣe àwa ni a kọ ọ́ fún.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó wọ̀ mí lára. Ọmọ tí ó bá ti gbà lọ́kàn pé a kò kọ Ìwé Mímọ́ fún òun, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á dé.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó mú mi kọ́ Faransé, nítorí àwọn lẹ́tà tí ń ti ìhà ọ̀hún wá. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọjà kì í sábà lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú Bíbélì ni èmi tìkára mi ti mọ̀ ọ́n. Àwọn Faransé ń pè é ní *passé simple*, èyíinì ni ìgbà tí ó ti kọjá tí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ, láìsí olùrànlọ́wọ́. Èyí tí a ń sọ lẹ́nu ni *passé composé*, ọ̀rọ̀ méjì sì ni: *il a parlé*, *il est venu*. Ti inú ìwé ni *il parla*, *il vint*.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa àwọ̀ dà: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. Ní ti Faransé, ìrù ọ̀rọ̀ ń yí padà bí ẹni tí ó ṣe é bá ti rí. Àwọn tí ó parí sí *-er* ń gba *a*, bíi *parler*: *je parlai, tu parlas, il parla, nous parlâmes, vous parlâtes, ils parlèrent*. Ẹgbẹ́ kejì ń gba *i*, bíi *finir*: *je finis, tu finis, il finit, nous finîmes, vous finîtes, ils finirent*; níbẹ̀ náà ni *dire* ti di *il dit*, *faire* di *il fit*, *voir* sì di *il vit*. Ẹgbẹ́ kẹta ń gba *u*, bíi *courir*: *je courus, tu courus, il courut, nous courûmes, vous courûtes, ils coururent*, níbẹ̀ ni *être* ti di *il fut*, *avoir* di *il eut*, *mourir* di *il mourut*. Ẹgbẹ́ kẹrin kò pọ̀: ti *venir* àti *tenir* àti àwọn ìbátan wọn ni, *il vint, il tint, ils vinrent, ils tinrent*. Àwọn olórí-kunkun díẹ̀ wà tí a ní láti há sórí, bíi *naître* tí ó di *il naquit*, àti *vivre* tí ó di *il vécut*. Kí a sì máa kíyèsí fìlà orí ọ̀rọ̀: *il crut* ni “ó gbàgbọ́”, *il crût* ni “ó dàgbà”, ìró wọn kò yàtọ̀, fìlà nìkan ni ó yà wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwúlò rẹ̀, nígbà tí *passé composé* ti wà? Ẹ jẹ́ kí a wo èdè tiwa. Bí a bá ń pa àlọ́, a ó wí pé Ìjàpá dìde, ó wọ inú igbó, ó rí ọ̀pẹ, ó gùn ún, ó já bọ́. A kì í wí pé Ìjàpá ti dìde, ó ti wọ inú igbó, ó ti rí ọ̀pẹ; àwọn ọmọdé yóò máa dúró de ohun tí a fẹ́ sọ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá sáré wọlé, tí ó ní “Bàbá ti dé,” a mọ̀ pé Bàbá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kí a dìde lọ gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní “ti” ń to ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tí ó ní “ti” ń mú un wá bá wa nínú ilé. Nínú Faransé ìwé, *passé simple* ni ó ń ṣe iṣẹ́ ti àkọ́kọ́, *passé composé* a sì máa ṣe ti èkejì. Lẹ́nu àwọn ènìyàn nìkan ni *passé composé* ti gba iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀mọ̀wé Émile Benveniste ṣàlàyé ọ̀ràn yìí ní 1959, ó ní ọ̀nà méjì ni Faransé ní: ọ̀nà ìtàn, àti ọ̀nà ọ̀rọ̀ tí ń bẹ láàárín èmi àti ìwọ.

Mo ṣí Bíbélì Louis Segond ti 1910 tí ọmọ náà mú wá, a sì jọ to àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Ọmọ náà dìde, ó lọ: *leva, alla*. Baba rẹ̀ rí i: *vit*. Àánú ṣe é: *fut*. Ó sáré: *courut*. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu: *baisa*. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti oko dé: *revint*. Gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé sínú ìtàn kan ṣoṣo. Nígbà náà ni mo ní kí ó wo ẹnu baba náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tí ó padà sí ìyè tí a sì rí, *est revenu* àti *est retrouvé* ni ó lò, Faransé tí à ń sọ nínú ilé gan-an. Lúùkù ń pa ìtàn. Baba ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú, ọmọ náà sì dúró níwájú wọn. Ọmọbìnrin yìí dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Bàbá, àṣé ‘ó ti dé’ ni baba yẹn ń wí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì ó ka ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì fo ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn kan ń wí pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti kú, kí a fi í sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé agbára rẹ̀ ti dín kù. Ní 1660, àwọn Antoine Arnauld àti Claude Lancelot kọ ọ́ sínú ìwé gírámà wọn pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí òní tó dé ni a lè fi í sọ, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òní. Èyí fi hàn pé ó ṣì ní ipò tirẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ó fi di 1942, Albert Camus fi *passé composé* pa ìtàn inú ìwé rẹ̀ *L'Étranger*, ó sì ya àwọn òǹkàwé lẹ́nu. Síbẹ̀ ohun tí a kò sọ lẹ́nu mọ́ kò tíì kú bí a bá ṣì ń kà á. Àwọn ìtàn àlọ́ tí a kọ fún ọmọdé ní Faransé kún fún un, ìwé ìtàn ilẹ̀ kún fún un, Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kún fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ọmọ Faransé wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé odidi ẹsẹ mẹ́fà lé ọmọ lórí. Ẹ fi “ó” àti “wọ́n” bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni ìtàn ń lò jù: *il alla, ils allèrent, il vit, ils virent, il courut, ils coururent, il vint, ils vinrent*. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Faransé rárá pàápàá ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn náà fún ọmọ nínú Bíbélì Yorùbá, kí ó mọ bí ọ̀ràn ti tẹ̀lé ara. Lẹ́yìn náà kí ó ka ti Faransé sókè, kí ó máa fi ìka tẹ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń bá a pàdé.

Bí ó bá sì dàgbà díẹ̀, ẹ mú un dé ibojì Olúwa nínú Mátíù orí 28. Àwọn obìnrin lọ, ilẹ̀ mì, áńgẹ́lì sọ̀kalẹ̀: ọ̀rọ̀ ìtàn ni Mátíù fi ń to gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí áńgẹ́lì la ẹnu láti ròyìn Olúwa fún wọn, *est ressuscité* ni ó wí: ó ti jíǹde. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ìdí tí áńgẹ́lì kò fi sọ ọ́ bí ẹni tí ń pa ìtàn, kí ẹ sì fún un ní àyè láti dáhùn.