Iṣẹ́ Aṣojú Ẹgbẹ́

Ẹni tó bá pe iṣẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ níbi ìdìbò ní ìjókòó lásán, kò ṣe é rí ni. Mo ṣe é ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ọjọ́ 16 oṣù July, 2022, tí a dìbò gómìnà Ọ̀ṣun. Ebi ń pa mí, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ta ni yóò bá mi ṣọ́ àpótí? Bàbá kan ládùúgbò wa, aṣojú ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ní ká fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A ká tó ka ìbò, ká lè tètè relé.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kà á ná.”

Ṣebí ìbò 482 péré ni Oyètọ́lá fi ju Adélékè lọ ní 2018, lẹ́yìn àtúndìbò! A kà á tán, mo gba ẹ̀dà tèmi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá ò fi dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Ìyàwó wọn ló ń bá wọn dáhùn.