Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yàtọ̀ sí Yàrá

Mo tún ka fáìlì Terraform tí mo fi ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa lórí AWS láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe orúkọ ló ń sọ subnet di ti gbangba tàbí ti ìkọ̀kọ̀. Ọ̀nà tí a là fún un ni. Bí route table rẹ̀ bá darí 0.0.0.0/0 sí internet gateway, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, àlejò lè dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ NAT gateway ló darí rẹ̀ sí, yàrá ni: ẹni inú ilé lè ránṣẹ́ síta, ará ìta kò lè ṣàdédé já wọlé. Yàrá ni kí ẹ fi dátábéèsì sí o.

Ẹ ṣọ́ iye àdírẹ́sì inú subnet náà. Subnet /24 kan ní àdírẹ́sì 256, AWS á mú 5 níbẹ̀, ó ku 251.

Ohun tó wù mí jù nínú Terraform ni pé gbogbo ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà lákọsílẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, terraform plan á ti fi ohun tó máa yí padà hàn mí. Ohun tí a fọwọ́ tẹ̀ lójú ẹ̀rọ, a lè gbàgbé rẹ̀. Èyí tí a kọ sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí i kà.